Àwọn sinimá Yorùbá àtijọ́: ta ló máa bá wa kó wọn sínú àpótí kan?

Olùkójọ_Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi àwọn àpótí àwo Blu-ray World Cinema Project tí ilé iṣẹ́ Criterion ń tẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí mi. Martin Scorsese, olùdarí sinimá ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 2007. Wọ́n ń wá sinimá àtijọ́ tí ayé ti gbàgbé káàkiri àgbáyé, wọ́n ń tún un ṣe títí tí yóò fi mọ́ rekete, wọ́n á wá kó mẹ́fà mẹ́fà sínú àpótí kan. Mo rí Touki Bouki ti Senegal (1973) nínú àpótí àkọ́kọ́. Soleil Ô tí Med Hondo ọmọ Mauritania ṣe wà nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Muna Moto ti Kamẹrúùnù àti Sambizanga, tó dá lórí ìjà òmìnira Àǹgólà, wà nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Mo wò wọ́n tán, inú mi dùn, inú sì tún bí mi. Tiwa dà? Àwa tí Ògúndé, Adé Love àti Bàbá Sàlá ń ru sinimá kiri ìlú fún!

Ọ̀run Móoru tí mo ní lọ́wọ́, ẹnì kan ló gbà á sílẹ̀ láti ara tẹlifíṣọ̀n sórí fídíò, ẹlòmíràn wá gbé e sórí YouTube. Ojú èèyàn ò hàn, ohùn ń gbọ̀n.

Ìbéèrè mi rèé: bí a bá ní kí a kó fíìmù mẹ́fà jọ sínú àpótí kan, èwo lẹ máa mú? Ibo ni ẹ̀dà tó dáa lè wà? Kí ló sì ń dí i lọ́wọ́ gan-an? Èmi mú Àjàní Ògún (1976), Ìjà Òmìnira (1979), Ayé (1979), Kádàrá (1980), Ọ̀run Móoru (1982) àti Mo Ṣe B'Ọ́lá Tán.

Àjọkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ mú Ayé, ẹ fi Jáyésinmi sílẹ̀? Irú ìdájọ́ wo nìyẹn? Ìtàn kan náà ló ń lọ. Òṣẹ́tùúrá tó bá àwọn àjẹ́ jà nínú Ayé ló tún padà wá nínú Jáyésinmi (1980). Ẹni tó bá wo ọ̀kan láìwo èkejì, ìdajì ló wò. Ẹ yọ Mo Ṣe B'Ọ́lá Tán, ẹ fi Jáyésinmi sí i.

Bó bá ṣe tèmi ni sá, Ògúndé yẹ kó ní àpótí tirẹ̀. Mẹ́rin péré ni: Ayé, Jáyésinmi, Àròpin N'tènìyàn (1982) àti Àyànmọ́ (1988). Mẹ́rin ò pọ̀ jù nínú àpótí.

Dẹ̀jì_Houston

Mo fara mọ́ ti Àǹtí Àjọkẹ́. Ògúndé ni olùdarí tó ga jù nínú gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ hàn nínú Ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ará_Peckham

@Dẹ̀jì_Houston, ẹ jẹ́ ká fi oyè fún olóyè. Ọlá Balógun ló darí Ayé. Ògúndé ló ni ìtàn, òun ló ni owó, òun ni àgbà òṣèré ibẹ̀, ṣùgbọ́n Balógun ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ wá wo ohun tí Olùkójọ kọ sílẹ̀: Balógun náà ló darí Àjàní Ògún. Òun ló darí Ìjà Òmìnira. Òun ló darí Ọ̀run Móoru. Mẹ́rin nínú mẹ́fà! Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Aba ní 1945, tó lọ kọ́ sinimá ní Paris, ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní sinimá Ògúndé, sinimá Adé Love, sinimá Bàbá Sàlá.

Ní tèmi o, Ọlá Balógun ló yẹ kí wọ́n kọ sára àpótí náà. Kí wọ́n sì fi Black Goddess kún un. Brazil ló ti yà á ní 1978, Zózimo Bulbul, òṣèré ọmọ Brazil, sì kópa níbẹ̀. Ọmọkùnrin Yorùbá kan lọ wá àwọn ẹbí tí òwò ẹrú kó lọ. Bóyá ni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wa tí ń bẹ níbí ti wo fíìmù yẹn rí.

Àjọkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Peckham, òyìnbó ló ń to fíìmù sábẹ́ orúkọ olùdarí. Nígbà tí ìyá mi rà tíkẹ́ẹ̀tì lọ wo Ọ̀run Móoru, Bàbá Sàlá ló lọ wò. Bí ẹ bá kọ Ọlá Balógun gàdàgbà sára àpótí, àwọn tó máa rà á kò ní mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Ará_Peckham

Wọn á mọ̀ ọ́n bí a bá sọ fún wọn.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo ń gbé projẹ́kítọ̀ fún ẹgbẹ́ eléré kan. Ẹ̀ ń jà lórí orúkọ tí ẹ máa kọ sára àpótí, ẹ ò tíì béèrè ohun tó máa wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Ẹni tó ṣe fíìmù kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri. Ẹ̀dà tó ní kò pọ̀, torí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. A ó háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé, a ó ta aṣọ funfun, a ó tan jẹnẹrétọ̀, ìyàwó ọ̀gá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà ọdún, a lè ṣe é ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òru. Ní ọjọ́ kejì, ìlú mìíràn. Rẹ́ẹ̀lì á sùn nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, nínú oòrùn, nínú eruku. Bó bá já, a ó gé ibi tó bàjẹ́ dànù, a ó so ó pọ̀, eré á máa lọ. Ibi tí ọkùnrin kan ti ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀, a ti gé e, ẹ óò kàn rí i pé ó ti pa ẹnu dé. Èrò á hó, wọ́n á ju páálí lu aṣọ.

Ẹ̀dà tí a lò báyẹn fún ọdún mẹ́wàá, ṣé òun lẹ fẹ́ kó mọ́ rekete?

Kí ló dé tí wọn ò fi tètè gbé e sórí fídíò? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru ni. Àwọn olè fíìmù dà á sórí fídíò, wọ́n tà á káàkiri kí Bàbá Sàlá tó rí owó tó ná sí i. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbogbo eléré ló gbọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá dárúkọ fídíò fún ọ̀pọ̀ wọn, wọn á kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni.

Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà sílẹ̀. Négátíìfù, ìyẹn fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tẹ gbogbo ẹ̀dà, ni kí ẹ wá. Kò sì sí nílé. A ò ní ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ nílé nígbà náà, òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó sì pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ará_Peckham

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ pọ́ńbélé.

Ibi tí ìyà wà nìyí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìfọ-fíìmù Lọ́ńdọ́ọ̀nù yẹn ti pa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ni fíìmù pé kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ta ló máa gba lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àdírẹ́sì Lagos ti 1982? Àwọn kan lọ sí ibi ìpamọ́ bíi ti BFI (àjọ sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), àwọn kan sùn sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n da àwọn mìíràn nù.

Bí ẹ bá sì rí i, ẹ ò lè kàn kan ilẹ̀kùn kí ẹ ní ẹ fẹ́ gbé négátíìfù. Wọn á béèrè ta ló kó o wá, orúkọ ta ló wà nínú ìwé wọn, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀tọ́. Mo ti bá ẹnì kan rìn ín rí (mi ò ní dárúkọ fíìmù náà). Orúkọ ilé iṣẹ́ tí olóògbé fi ṣe fíìmù yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó so méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ṣọ́lá_Jos

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ nídìí ìtọ́jú fíìmù ní Jos, níbi tí ibi ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ wà. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìkan ni ìrètí wà. Ẹ rántí Shaihu Umar, sinimá Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Tafawa Balewa. Àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Inú ibi ìpamọ́ Jos ni wọ́n ti rí i, ilé iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún sinimá Berlin ní 2018. Ó ṣeé ṣe nílé.

Ọ̀tá fíìmù ni ooru àti ọ̀rinrin. Ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù ìgbà yẹn máa ń jẹra, yóò máa rùn bíi fínígà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé dá padà, a kàn lè mú kó rọra rìn ni. Àwọ̀ náà ń ṣí: búlúù àti àwọ̀ ewé á kọ́kọ́ lọ, gbogbo àwòrán á wá pọ́n bí ẹni pé wọ́n da sóbò sí i. Ìyẹn ni ẹ ṣe ń rí Ògúndé nínú aṣọ pupa nínú ẹ̀dà tí aṣọ rẹ̀ kì í ṣe pupa.

Ìyábọ̀_Iléṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bùọ̀dá ìyá mi tó ti dolóògbé bá àwọn eléré ṣiṣẹ́. Agolo pẹrẹsẹ mẹ́ta wà nínú yàrá rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. A ṣí ọ̀kan, ó ń rùn bíi fínígà gẹ́gẹ́ bí Ṣọ́lá ṣe sọ. Wọ́n ti ní ká dà á nù, pé ó lè gbiná. Kí ni ká ṣe?

Dẹ̀jì_Houston

Ẹ má dà á nù o! Ẹ gbé e sínú fírísà kíákíá. Ibi tútù ló ń fẹ́.

Ṣọ́lá_Jos

Ìyábọ̀, ẹ má gbé e sínú fírísà. Bùọ̀dá Dẹ̀jì, òtútù dáa fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń dì í pa kí afẹ́fẹ́ olómi má bàa wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá kàn sọ agolo sínú fírísà tí iná ń mú lọ tí ó ń mú wá, omi á sẹ̀ sára fíìmù, àwòrán á ṣí kúrò lára ike. Ẹ ti pa á nìyẹn.

Ẹni tó ní ó lè gbiná, fíìmù tó máa ń gbiná yẹn, wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ láti nǹkan bí 1951. Ti ọdún 1970 síwájú kì í ṣe irú ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ gbé agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lábẹ́ ibùsùn lọ sí yàrá tó tutù jù nínú ilé, kí ó jìnnà sí ògiri tó lọ́rinrin. Ẹ fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má gbé e dúró. Èyí tó ń rùn, ẹ yà á sọ́tọ̀, torí èéfín rẹ̀ á ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má dì í mọ́ inú ọ̀rá. Ẹ má tú rẹ́ẹ̀lì náà, pàápàá bó bá ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi projẹ́kítọ̀ wò ó, ì báà jẹ́ pásítọ̀ tó ní òun ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wo etí rẹ̀. Ẹ lè rí KODAK pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké: òbìrípo, onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta. Àmì yẹn ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe ike náà. Ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n ń tún un lò, ẹ óò ní láti fi ọgbọ́n orí yan èyí tó bá a mu. Ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára agolo sílẹ̀, títí kan nọ́ńbà tí kò yé yín.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì

Ọmọ mi Ìyábọ̀, wo bóyá etí fíìmù ní ihò ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí méjì, sì wo bó ṣe fẹ̀ tó. Tó bá fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ dáadáa, tó sì ní ihò lọ́tùn-ún lósì, 35mm ni. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, 16mm ni, èyí ni àwa ń gbé kiri jù. Tún wo bóyá funfun rẹ̀ ni dúdú, tí dúdú rẹ̀ jẹ́ funfun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kígbe pè wá. Négátíìfù nìyẹn.

Amòfin_Adó

Ẹ kú àtàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) tí a ń lò báyìí, ti 2022, fún fíìmù ní àádọ́ta ọdún, láti òpin ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Àjàní Ògún tó jáde ní 1976, ẹ̀tọ́ tó wà lórí fíìmù náà á parí ní òpin 2026. Ayé di 2029. Ọ̀run Móoru di 2032.

Dẹ̀jì_Houston

Háà! Ó tán nìyẹn. Ká kàn ní sùúrù díẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ wa.

Amòfin_Adó

Kò tíì tán, bùọ̀dá mi. Ẹ̀tọ́ fíìmù lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ ìtàn àti orin tó wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyẹn ń tẹ̀lé ẹni tó kọ ọ́: àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ògúndé kú ní 1990, ìtàn àti orin rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di òpin 2060. Ìjà Òmìnira, inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ni wọ́n ti mú un. Fálétí kú ní 2017. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jáde láìbéèrè, wọ́n ṣì lè gbé e lọ sí kóòtù.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì

Kí ló kàn yín kan ìgbà tí ẹ̀tọ́ máa parí? Àwọn ọmọ wọn wà láàyè. Ẹ lọ kí wọn. Ẹ gbé nǹkan dání. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí orúkọ bàbá wọn má parẹ́. Kunle Afọláyan, ọmọ Adé Love, sinimá ni òun náà ń ṣe. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣe àjèjì sí i.

Ohun kan ṣoro níbẹ̀, mi ò sọ ti ẹnì kankan o: ilé olórogún. Ọmọ ìyá kan lè fọwọ́ sí i, kí ọmọ ìyá kejì ní òun ò gbọ́. Gbogbo wọn lẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí amòfin sì wà níbẹ̀.

Àlàbí_Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ní sinimá tó sọnù ni? Paulin Soumanou Vieyra, ìlú wa níbí ni wọ́n bí i sí ní 1925. Òun ló ṣáájú àwọn ọmọ Áfíríkà tó kàwé gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ sinimá Paris tí Ọlá Balógun náà padà lọ. Ní 1955, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ya Afrique-sur-Seine. Ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ Paris ni wọ́n ti yà á? Òfin Faransé ti 1934 ni pé ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Pascal Abikanlou náà ṣe sinimá gígùn ní orílẹ̀-èdè wa ní 1974. Ta ló rí i rà níbikíbi?

Senegal ló ń jẹ gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò jowú o. Sembène, olùdarí sinimá ọmọ Senegal, yẹ fún un, wọ́n kó Emitaï, Xala àti Ceddo rẹ̀ sínú àpótí kan ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe rí i gbà: àwọn Faransé bá wọn ná owó sí fíìmù, ọ̀pọ̀ négátíìfù wà ní Paris níbi tí èèyàn lè lọ rí i. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni tiyín fi dúró. Ẹ̀yin lẹ ní èrò ìwòran, àwọn ni wọ́n ní ìwé.

Ará_Peckham

Àlàbí, ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn. Àjọ sinimá Áfíríkà, UNESCO àti àwọn ti Scorsese dá ètò kan sílẹ̀ ní 2017 láti wá àádọ́ta sinimá Áfíríkà kí wọ́n sì tún wọn ṣe. Ẹnu ọ̀nà kan nìyẹn tí a lè kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ló gbọ́dọ̀ kàn án, kì í ṣe àwa èrò ìwòran.

Àjọkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan. Àpótí Blu-ray yìí, ta ló máa wò ó? Nínú àdúgbò mi, kò sí ilé kan tó ní ẹ̀rọ Blu-ray. Bí ẹ bá tilẹ̀ rà á, àwo tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọ̀dọ̀ wa. Àmì A ni tiwọn, B ni ti Áfíríkà pẹ̀lú Yúróòpù. Ẹ gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ tà á ní Alaba.

Olùkójọ_Abẹ́òkúta

Àǹtí Àjọkẹ́, òtítọ́ ni ti àmì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ra ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo àmì kún un. Ṣùgbọ́n fláàṣì ní Alaba? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ja Bàbá Sàlá lólè náà kọ́ ni? Èmi ò sọ pé kí ó jẹ́ àwo nìkan. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún fíìmù ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi hàn ní gbọ̀ngàn, kí wọ́n gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó bá fẹ́ àpótí ra àpótí. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń yọ ọ́.

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Mo yí tèmi padà: kí a má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́fà. Ìjà Òmìnira nìkan ni kí a kọ́kọ́ lépa, torí ìwé Fálétí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ á sì bá wa pariwo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ṣé ẹ lè bá wa béèrè bóyá orúkọ fíìmù náà wà nínú ìwé ibi ìpamọ́ kankan lọ́hùn-ún? Amòfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ irú lẹ́tà tí ẹbí lè fọwọ́ sí.

Ará_Peckham

Màá béèrè. Ẹ má retí èsì kíákíá.

Ìyábọ̀_Iléṣà

Mo ti wò ó. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ihò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe funfun-di-dúdú. Ó pọ́n. Wọ́n fi bírò kọ "Rẹ́ẹ̀lì 2" sára agolo kan, wọ́n kọ "Òṣogbo, Ọdún Àjíǹde" sára èkejì. Kò sí orúkọ fíìmù.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀lì

16mm ni, ẹ̀dà tí wọ́n gbé kiri ni. Kì í ṣe négátíìfù, ṣùgbọ́n má dà á nù. Ó lè jẹ́ pé ohùn inú rẹ̀ dáa ju ti gbogbo ẹ̀dà yòókù lọ. Wo ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ihò, ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń rí gbágungbàgun, ohùn nìyẹn.

Ṣọ́lá_Jos

Ìyábọ̀, ẹ fi fọ́tò ara agolo àti etí fíìmù ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín síbí.

Àjọkẹ́_Mọ́kọ́lá

Tó bá jẹ́ Jáyésinmi ni, mo fẹ́ kí gbogbo yín rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.